Murdoch Mysteries: ṣé ọlọ́pàá ọdún 1895 lè gbọ́n tó báyìí lóòótọ́?

Ọmọ Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti dá ìjà sílẹ̀ nílé wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i. Àbúrò mi gba season àkọ́kọ́ Murdoch Mysteries lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kámpọ́ọ̀sì, eré àwọn ará Kánádà ni, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní Toronto, ọdún 1895 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní purọ́, eré yẹn dùn, ìyá mi tí kì í wo nǹkan Òyìnbó gan-an ti ń béèrè pé ìgbà wo la tún máa tan tẹlifíṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni Murdoch yìí ti pọ̀ jù! Á gun kẹ̀kẹ́ dé ibi tí òkú wà, á yọ páúdà, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan rọra máa fọ́n ọn sára gíláàsì tí olóògbé fi mutí, àmì ìka á yọ síta kedere bí ẹni pé wọ́n fi yíǹkì yà á. Á dé àgọ́, ó tún ti to ẹ̀rọ tó ń mọ òpùrọ́ jọ. Kọ́ńsítébù ẹ̀ tó ń jẹ́ Crabtree á wá máa sọ pé lọ́jọ́ kan, báyìí báyìí ló máa rí láyé, gbogbo ohun tó bá sì sọ, ohun tá a ní nílé lónìí ni, àfi bíi babaláwo.

Bàbá mi ní irọ́ gbuu ni. Wọ́n ní ta ló mọ àmì ìka lọ́dún 1895, wọ́n ní obìnrin wo ló jẹ́ dókítà nígbà náà débi táá máa la òkú. Èmi ò tiẹ̀ bá ẹ̀rọ jà o. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni pé kò sẹ́ni tó ń bá ọkùnrin yìí jiyàn. Tó bá ti ní "àmì ìka rẹ rèé", apànìyàn á bú sẹ́kún, á jẹ́wọ́ látòkè délẹ̀ títí kan ohun tí wọn ò bi í. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá ewúrẹ́ olóhun lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an á ní okùn lòun rí he, òun ò mọ̀ pé ewúrẹ́ wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, kí lẹ rí sí i?

Lábù Pàràkìn

Ẹ bá mi kí bàbá o, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń ṣiyèméjì sí yẹn gan-an ni òótọ́ pọ̀ sí jù nínú eré náà. Ọdún 1892 ni Francis Galton ti kọ odindi ìwé lórí àmì ìka ní London, ọlọ́pàá tó bá ń kàwé ní Toronto lè rí i kà. Ọdún yẹn kan náà ni ẹjọ́ Francisca Rojas wáyé ní Necochea, ní Argentina. Obìnrin yìí pa ọmọ ẹ̀ méjèèjì, ó wá fi ọ̀bẹ ya ara ẹ̀ lọ́rùn kí wọ́n lè rò pé ẹlòmíì ló wọlé wá bá wọn, ó sì dárúkọ ọkùnrin kan tí wọ́n jọ mọra. Wọ́n lu ọkùnrin yẹn títí, kò jẹ́wọ́. Ìgbà tí ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Álvarez débẹ̀, ó rí àmì àtàǹpàkò tó ti gbẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó fi ayùn gé ibẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó gbé pákó yẹn lọ sí àgọ́, ó ní kí obìnrin náà wá tẹ̀ka sórí bébà, ó gbé méjèèjì síra wọn. Obìnrin náà rí i, ló bá jẹ́wọ́! Torí náà Ọmọ Ìlódè, èyí tẹ́ ẹ ní kò lè ṣẹlẹ̀ yẹn, ó ti ṣẹlẹ̀ rí o, kódà ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1895 tí wọ́n fi eré Murdoch sí.

Ibi tí wọ́n ti ṣàṣejù lójú tèmi ni kóòtù. Kéèyàn mọ nǹkan yàtọ̀ sí kí adájọ́ gbà á. Nílùú Ọba, ọdún 1901 ni Scotland Yard, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá London, dá ẹ̀ka ìtẹ̀ka sílẹ̀, ó sì di 1905 kí wọ́n tó fi àmì àtàǹpàkò kan tó wà nínú àpótí owó mú àwọn Stratton, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí wọ́n pa ọkọ àti ìyàwó kan ní Deptford. Ní Kánádà fúnra ẹ̀, 1911 ni ọ́fíìsì ìtẹ̀ka ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ottawa. Ẹ ṣírò ẹ̀, ọdún 16 ni Murdoch fi ṣáájú ìjọba ẹ̀. Adájọ́ 1895 á kàn yọ awò lójú ni, á ní ta ló sọ fún ẹ pé ìka èèyàn méjì ò lè jọra, ṣé o ti wo ti gbogbo ayé ni?

Ẹ̀rọ òpùrọ́ yẹn náà ò burú tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 1895 ni Lombroso, onímọ̀ nípa ọ̀daràn kan, ti ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lára àwọn afurasí ní Ítálì, àmọ́ èyí tí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà wá ń lò lẹ́yìn náà, 1921 ni ti John Larson ní Berkeley. Èyí tí mo máa ń fi rẹ́rìn-ín ní tèmi ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá rí eré tí wọ́n fi sáyé 1895 tí ẹnì kan wá ń fi kẹ́míkà sọ pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn lèyí kì í ṣe ti adìẹ, ẹ ti ká wọn mọ́, torí 1901 ni Uhlenhuth ní Jámánì tó rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyá Ẹrẹ́jà (Iléṣà)

Ẹ kúuṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, torí náà ẹ jẹ́ n dá bàbá yẹn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ṣe dókítà. Ó wà dáadáa! Jennie Trout gba ìwé àṣẹ dókítà ní Kánádà lọ́dún 1875, Emily Stowe gba tiẹ̀ ní 1880, nígbà tó sì di 1883 wọ́n ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ ìṣègùn, ní Toronto yẹn náà. Tí Dr Ogden, obìnrin tó ń la òkú nínú eré yẹn, bá jáde níbẹ̀, kí ló burú? Ọkùnrin ni kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó lè má bọ́ sí i ni pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ òkú ìjọba lé e lọ́wọ́ kí gbogbo ọ̀gá ọlọ́pàá sì máa pè é ní dókítà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ láyé tiwa yìí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo obìnrin tó bá mọ̀ ju wọn lọ.

Ohun tó ń bí èmi nínú ni aṣọ. Ìlú tó jẹ́ pé ẹṣin ló ń fa ẹrù káàkiri, ìgbẹ́ ẹṣin nílẹ̀, ẹrẹ̀ nígbà òjò, kí síkẹ́ẹ̀tì obìnrin gbálẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má ní àbààwọ́n kankan? Ta ló ń fọ̀ ọ́? Mi ò tíì rí ẹni kan tó ń sá aṣọ nínú eré yẹn.

Kayọ̀dé_Ìlàrè

Eré ni o jàre. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òótọ́, ẹ lọ wo ìròyìn.

Àgbà Ìṣọkùn

Kayọ̀dé, ìwọ máa wo eré ẹ, jẹ́ ká jiyàn tiwa.

Mo wọṣọ ọlọ́pàá títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ṣe CID díẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ń sọ ti páúdà, ẹ ò sọ ti gíláàsì. Gíláàsì wo ló máa dá wà lórí tábìlì títí ọlọ́pàá á fi dé? Tí èèyàn bá kú nínú ilé kan nílẹ̀ yìí, kó o tó débẹ̀, ìyá kan ti bu omi sí i lójú, àwọn géńdé mẹ́ta ti gbé e láti ilẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan ti gbá ilẹ̀ kí àlejò má bàa rí yàrá nídọ̀tí, ẹni tó máa sọ fún ẹ pé òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan gan-an ló máa fọ gíláàsì yẹn kó lè fi gbé omi tútù wá fún ẹ. Mi ò rò pé ti Toronto yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti ń bára wọn gbélé wà níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n tí Murdoch bá dé, kálukú á ti fara mọ́ ògiri, òkú nìkan láàárín yàrá.

Èkejì, ìwé dà? Ìdajì iṣẹ́ ọlọ́pàá ìwé kíkọ ni. Ẹ bá mi ronú ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́: o máa kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, o máa kà á sí i létí, á ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lòun ṣe sọ ọ́, o máa fagi lé e, òun náà á fọwọ́ sí ibi tó o fagi lé. Tí kò bá mọ̀wé, o máa gbé páàdì yíǹkì síwájú ẹ̀, o máa di àtàǹpàkò ẹ̀ mú, o máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì lórí bébà, tó bá tì í jù yíǹkì á pọ̀ á di dúdú látòkè délẹ̀, o ò ní rí ìlà kankan, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ ni. Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan o! Kó tó parí, ẹni tó ń sunkún ti nujú, ebi ti ń pa á, ó ti ń ronú lọ́yà. Èyí ló ń jẹ́ kí èmi gbà pẹ̀lú Ọmọ Ìlódè. Èèyàn lè jẹ́wọ́, mo ti rí i. Àmọ́ tílẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, á ní wọ́n fipá mú òun ni. Kí wọ́n ṣe eré lórí ọjọ́ kejì yẹn, mo máa wò ó.

Ohun kan tí mo gbádùn níbẹ̀ ni pé wọ́n fi Murdoch ṣe ọmọ Kátólíìkì láàárín ìlú tó jẹ́ pé Pùròtẹ́sítáǹtì ló ń ṣe ọ̀gá, ìyẹn sì ń dí ìgbéga ẹ̀ lọ́wọ́. Toronto ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kódà wọn ò jẹ́ kí tíráàmù ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday títí di 1897, ìgbà tí àwọn ará ìlú dìbò sí i. Ìyẹn jọ ayé mi ju ẹ̀rọ lọ.

Ọmọ Ìlódè

Ẹ ṣé gan-an bàbá. Mo ka ti gíláàsì yẹn fún wọn nílé, ìyá mi ní àwọn gan-an ló máa fọ̀ ọ́. Bàbá mi ti gbà lórí obìnrin dókítà, àmọ́ wọ́n ní kí n bi Lábù Pàràkìn pé X-ray ńkọ́, ṣé òun náà wà nígbà yẹn, àbí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí wọn mú?

Lábù Pàràkìn

Ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n rọra o. Òpin 1895 ni Röntgen rí X-ray ní Jámánì. February 1896, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì McGill ní Montreal ti fi ya ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n yìnbọn fún, wọ́n rí ọta níbi tó há sí, wọ́n sì gbé àwòrán yẹn lọ sí kóòtù láti fi ro ẹjọ́ ẹni tó yìnbọn. Láàárín oṣù mélòó kan! Tí ẹni tó ń kọ eré bá kọ ìyẹn, gbogbo wa la máa pariwo pé irọ́ ni.

Tíátà200L

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ eré ìtàgé ni mò ń kà níbí ní Ifẹ̀, mo sì fẹ́ kọ irú eré yìí ní èdè wa, kí n fi sí Iléṣà nǹkan bí 1955. Àkódà ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi, ẹni tí wọ́n pa sì jẹ́ òṣómàáló, ó ta aṣọ láwìn fún gbogbo abúlé, ó lọ sin owó, kò padà wálé. Ìwé gbèsè ẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, orúkọ kún inú ẹ̀ bámú. Kí ni kí n ṣọ́ra fún kẹ́ ẹ má bàa wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí?

Àgbà Ìṣọkùn

Ọmọ dáadáa. Àkọ́kọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ ojú irin dé Iléṣà o, mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn oníṣeré. Òṣogbo ni reluwé dé ní 1907, kò yà sọ́dọ̀ wa. Lọ́rì ni kí wọ́n wọ̀. Lọ́rì yẹn gbọ́dọ̀ máa gba ọwọ́ òsì lọ, torí 2 April 1972 la tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ni pé o ò kàn lè dúró ságbègbè Lágere ní Ifẹ̀ lónìí kó o máa ya àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Owó: pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀, náírà ò tíì sí títí 1973. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun gbọ́ ìròyìn ikú yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, October 1959 ni ti Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àti pé àkódà ẹ, tí ẹjọ́ bá ti di ti ìpànìyàn, àwọn ọlọ́pàá ìjọba máa wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò ní bi í léèrè. Ìjà yẹn gan-an ni kó o kọ sínú ẹ̀.

Kayọ̀dé_Ìlàrè

Òṣómàáló ni wọ́n pa? Gbogbo ìlú ni afurasí nìyẹn. Ṣé season mẹ́wàá lo fẹ́ ṣe ni?

Ìyá Ẹrẹ́jà (Iléṣà)

Tíátà, mo ti ń gbádùn ẹ̀ látìsinsìnyí, ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló máa kú? Ẹ̀yin Ifẹ̀, ẹ wá ọmọ tiyín pa.

Tíátà200L

Mummy, mo wá a títí. Mi ò rí ọmọ Ifẹ̀ kankan tí gbogbo ayé jẹ lówó tó bẹ́ẹ̀.