Ṣé ó yẹ kí sójà tó wà nílẹ̀ òkèèrè rí adùn ilé nínú àgọ́? Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Sójà Àná, Kàbbà:
Okun o, ẹ̀yin ará wa. Ibi ìsìnkú kan lọ́jọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan kà á lórí fóònù rẹ̀ pé Burger King àti Pizza Hut wà nínú àgọ́ àwọn sójà Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń jagun ní Afghanistan, pé lọ́dún 2010 ni Ọ̀gágun McChrystal, olórí wọn níbẹ̀, pàṣẹ kí wọ́n ti púpọ̀ nínú irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ pa. Ó ní ọ̀gágun náà gbọ́n, pé ẹni tó ń jẹ pizza kò lè jagun. Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò tíì sùn sẹ́yìn odi ìlú rí.

Mo bá ECOMOG, ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lọ sí Liberia, mo sì tún lọ sí Darfur ní Sudan. Ní Liberia, ìrẹsì àti sadíìnì ni lójoojúmọ́, òjò Monrovia ń na àgọ́ wa, lẹ́tà á sì pẹ́ lọ́nà títí èèyàn á fi gbàgbé ohun tó kọ́kọ́ béèrè. Ní Darfur, omi inú ike wà, jẹnẹrétọ̀ wà, a sì ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ má rò pé ìgbádùn la lọ jẹ o: owó ojúmọ́ tí UN ń fún sójà lọ́wọ́ jẹ́ dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 28.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ adùn tí mo rí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo lọ pọn omi, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kí mi lẹ́yìn pé, "Okun o!" Kíkí ilé wa nìyẹn, ohùn Yàgbà gidi! Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó mú mi lọ sínú àgọ́ rẹ̀, ó fa ìgò kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: kajú yíyan tí ìyá rẹ̀ dì fún un. Ńṣe la ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá fún mi, mẹ́wàá fún un. Sadíìnì ìjọba kò tó bẹ́ẹ̀ láé.

Ìyàwó Sójà, Ìsánlú:
Ẹ kú ìrántí, bàbá. Sierra Leone ni ọkọ tèmi lọ, fóònù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Mo gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì: ẹkún ọmọ, àkùkọ tó ń kọ, ìyá ọkọ mi tó ń gúnyán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá sílé ló bá mi mú un lọ. Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní àwọn ọmọ Kano àti Calabar tí kò gbọ́ ohun tí à ń sọ máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ibi odó yẹn gbé sí i.

Ọmọ Mọ̀pà:
Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, èmi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. UNMIL, ọmọ ogun àlàáfíà UN, ni mo bá lọ sí Liberia, fóònù sì wà. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára gan-an ni ọkàn mi máa ń bàjẹ́. Ìjì ti ṣí òrùlé, owó ilé ìwé ò pé, ẹ̀gbọ́n ń jà sílẹ̀ bàbá wa. Kí ni mo lè ṣe láti ibẹ̀? Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà lẹ́nu ìṣọ́, ọ̀gá mi rìn dé ẹ̀yìn mi gan-an, n kò mọ̀. Páànù ilé ni mo ń rò. Ká ní ọ̀tá ni ńkọ́? Ẹ fún wa ní bọ́ọ̀lù àti oúnjẹ, kí wọ́n gba fóònù lálẹ́.

Sójà Àná, Kàbbà:
Àbúrò, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, fóònù ń gbé ilé wá tòun tìyọnu ilé. Àmọ́ má jẹ́ kí ọmọ ìsìnkú yẹn gbọ́ o, yóò ní o gbè é lẹ́yìn. Ní September 2007, kí UNAMID, ọmọ ogun àlàáfíà UN àti àjọ ilẹ̀ Áfíríkà, tó gbaṣẹ́ ní Darfur, àwọn ọlọ́tẹ̀ ya lu àgọ́ àjọ ilẹ̀ Áfíríkà ní Haskanita níbẹ̀. Ó kéré tán, sójà 10 kú, ọmọ Nàìjíríà sì ni 7 nínú wọn. Pizza kọ́ ló pa wọ́n. Àwọn tó kọlù wọ́n pọ̀ jù wọ́n lọ ni.

Ìyàwó Sójà, Ìsánlú:
Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Ìyá tó ń gúnyán ti lọ, àwọn ọmọ ọmọ sì fẹ́ gbọ́ ọ. Ta ló ní rédíò tó ṣì ń lo kásẹ́ẹ̀tì níbí?