Mo ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí lílo èkúté fún ìwádìí àìsàn Hashimoto

Ẹ̀yin onímọ̀ tí ẹ ń fi ẹranko ṣe ìwádìí, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìlọrin, mo sì fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí àìsàn Hashimoto, nínú èyí tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ti ń gbógun ti táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ gògóńgò.

Èkúté tí wọ́n ń pè ní NOD.H-2h4 ni ì bá wù mí jù, nítorí pé bí a bá po áyódíìnì mọ́ omi mímu rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, àìsàn náà á ti hàn lára ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n èkúté funfun lásán, tí ìran wọn ti dà pọ̀, ni èmi rí rà. Ọ̀nà kejì ni kí a gún èkúté ní abẹ́rẹ́ thyroglobulin (purotéènì tí táírọ́ìdì ń ṣe) pẹ̀lú èròjà tí ń ru ọmọ ogun ara sókè; ìran CBA máa ń gba àìsàn náà dáadáa, àmọ́ BALB/c kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Bí ìran èkúté mi kò bá dọ́gba, ṣé àbájáde rẹ̀ kò ní máa ta kora?

Ti oúnjẹ wọn tún ń kọ mí lóminú. Iyọ̀ tí wọ́n ti fi áyódíìnì sí ló kún ọjà wa. Bí ẹni tó ń po oúnjẹ ẹran bá lò ó, àwọn èkúté tí mo fẹ́ fi ṣe àfiwé náà á ti gba áyódíìnì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Báwo ni ẹ ṣe ń yẹra fún èyí?

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó sàn kí n yọ táírọ́ìdì náà pọ̀ mọ́ ọ̀nà èémí, níwọ̀n bí kò ti tó horo ìrẹsì?