Ọ́ìlì háídírọ́líìkì katakata mi ti funfun: ṣé kí n bù lé e ni, àbí kí n dà á nù?

Ìyá Onígàrí Ifẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn kí n tó sọ owó sí kòtò. Mo ní katakata kékeré kan, tòkunbọ̀ láti Japan, hósípáwà 28, táyà iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fà. Oko ẹ̀gẹ́ mi wà lọ́nà Ifẹ̀wàrà. Òun la fi ń kọ ebè, òun náà ló ń fa tírélà tó ń kó ẹ̀gẹ́ wálé.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, tí mo bá ní kí apá ẹ̀yìn rẹ̀ gbé irin ìkọbè sókè, á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń rò ó wò. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gbé e díẹ̀díẹ̀, tí á máa ké fííín bí ẹ̀fọn létí. Tí mo bá pa á, kí n tó mu omi tán, irin ti wálẹ̀. Lánàá ni mo fa gééjì ọ́ìlì rẹ̀ yọ. Ohun tí mo rí kì í ṣe àwọ̀ epo mọ́, tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí ni.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi wò ó ní kò sí wàhálà, pé ká bu lítà 5 ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lé e, pé ọ́ìlì lọ́ìlì ń jẹ́. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé bíbù lé e tó? Tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ la máa dà nù, ọ́ìlì wo ni kí n rà, ṣé èmi àti ọmọ mi ọkùnrin sì lè ṣe é fúnra wa? Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ èdè àwọn ará Japan ni látòkè délẹ̀.

Aláwàdà Mọ́rọ̀
Tíì ti wà nílẹ̀, ó ku búrẹ́dì. Ẹ má bínú, Ìyá. Mo jókòó síbí ni o, torí tèmi náà ti ń ké.

Ọ̀gá Sípánà, Iléṣà
Ìyá, ẹ kú ìdààmú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí wọ́n á tún bá yín jiyàn. Nínú irú katakata kékeré yìí, gíá, háídírọ́líìkì àti bíréèkì, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ọ́ìlì kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Ọ́ìlì tó ń fi ara ra gíá ni pọ́ọ̀ǹpù ń fà lọ gbé apá ẹ̀yìn, inú rẹ̀ náà ni àwọn páálí bíréèkì rì sí. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún un ní èròjà tó ń jẹ́ kí bíréèkì inú ọ́ìlì dì mú láìgbọ̀n. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń tà létí títì ò ní in.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá omi ni tàbí afẹ́fẹ́, torí àwọn méjèèjì ló máa ń sọ ọ́ìlì di funfun. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Tó bá fi máa tó wákàtí kan tó ti mọ́, afẹ́fẹ́ ni: ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ jù, tàbí ibi tí pọ́ọ̀ǹpù ti ń fà á ní ojú tó ń gba atẹ́gùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì funfun, omi ni. Kó lè dá yín lójú, ẹ gbé páànù tí ẹ ò ní fi se nǹkan mọ́ kaná níta, kó gbóná, kí ẹ kán ọ́ìlì náà bíi ẹ̀kán mẹ́ta sí i, kí ẹ sì sún sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti din dòdò rí mọ igbe tí omi máa ń ké nínú epo gbígbóná.

Ẹ má wa á títí a ó fi mọ̀. Omi kì í bá pọ́ọ̀ǹpù ṣọ̀rẹ́.

Onídísù
Kí lẹ ń dà á rú sí? Ẹ tú u dà nù, ẹ rọ dísù kún un, ẹ wà á yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ tú dísù náà, ẹ rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀gá Sípánà, Iléṣà
Onídísù, ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ṣùgbọ́n n ò gbà. Dísù tí ẹ rọ sí i kì í jáde tán. Ó máa wà nínú sílíńdà apá ẹ̀yìn, ó máa wà nínú páìpù sítíárín, gbogbo ìyẹn á sì wá la ọ́ìlì tuntun tí wọ́n fi owó ńlá rà. Wíwà á yí ọgbà ká pẹ̀lú dísù, ṣe lẹ ń ní kí gíá àti pọ́ọ̀ǹpù máa sá láìwọ bàtà.

Onídísù
Tèmi ò tíì bàjẹ́.

Bàbá Kòkó, Ifẹ̀tẹ̀dó
Ọmọ mi, gbọ́ tèmi. Èmi ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí irú ẹ̀ rí, torí wọ́n ní ọ́ìlì lọ́ìlì ń jẹ́. Oṣù kan àkọ́kọ́, kò sí nǹkan tó ṣe é, mo tilẹ̀ ń fi ẹni tó kọ́ mi yangàn. Lọ́jọ́ kan tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú tírélà tí àpò kòkó kún, mo tẹ bíréèkì, gbogbo ara katakata bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gìrìgìrì, ó ń han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dì lókùn. Ó dúró ṣá, àmọ́ èmi àti ọmọ tó jókòó lórí àpò ò bára wa sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ọ̀tọ̀ ni katakata ńlá àtijọ́ tí mo kọ́kọ́ ní. Bíréèkì tiẹ̀ gbẹ, ìta ló wà. Ìyẹn ló tàn mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ Oko
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. OAU ni mo wà, mò ń kọ́ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀. Lórí ọ́ìlì tí ẹ máa rà, ẹ má wo àwòrán katakata tó wà níwájú kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀yìn ni kí ẹ yí i sí. Ìran ọ́ìlì tí gíá, háídírọ́líìkì àti bíréèkì jọ ń mu yìí ni wọ́n ń pè ní UTTO. Nínú àwọn tó ń ṣe katakata, Kubota ń pe tiẹ̀ ní Super UDT2, John Deere ń pe tiẹ̀ ní Hy-Gard. Nọ́ḿbà tí ẹ máa wá lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì ni J20C tó jẹ́ ti John Deere, tàbí M1141 tó jẹ́ ti Massey Ferguson. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì tó dáa máa ń kọ méjèèjì. J20D fúyẹ́ jù, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún, ó jìnnà sí ooru Ifẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ya àwòrán ojú ìwé tí wọ́n ti kọ nípa ọ́ìlì síbí. Òǹkà wọn kò yàtọ̀ sí tiwa, a máa rí iye lítà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún kẹ́ẹ̀gì tó bá kọ “303” gàdàgbà, tó sì jẹ́ ìyẹn nìkan ló kọ. Nọ́ḿbà John Deere àtijọ́ ni. Ọ̀rá ẹja àbùùbùtán wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ìgbà tí Amẹ́ríkà sì fòfin de pípa ẹja náà ní àwọn ọdún 1970, nọ́ḿbà yẹn kú. Kò sí òṣùwọ̀n kankan mọ́ tí wọ́n lè fi yẹ ohun tí wọ́n ń rọ sínú kẹ́ẹ̀gì 303 wò. Ẹnu yà mí lọ́jọ́ tí mo kà á, pé àbùùbùtán ti bá àgbẹ̀ gbé irin ìtúlẹ̀ rí.

Ìyá Onígàrí Ifẹ̀
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe ti ìgò. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣì funfun báláú. Mo ṣe ti páànù náà, ó ta pàrà-pàrà títí ọmọ mi fi sá. Omi ni. Ojú ìwé nìyí, mo ti ya á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ Oko
Mo rí i, mà. Lítà 27 ni.

Ọ̀gá Sípánà, Iléṣà
Ó dáa. Ẹ wá ibi tí omi gbà wọlé kí ẹ tó ra ọ́ìlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò kàn ra oúnjẹ fún òjò. Ẹ wo rọ́bà tó bo ìdí ọ̀pá gíá, ṣé kò ya? Ẹ wo ìdérí ojú tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí. Ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ bóyá wọ́n ń fi ẹ̀rọ olómi líle fọ̀ ọ́.

Ẹ lè ṣe é fúnra yín, ẹ má kánjú ni. Ẹ wà á díẹ̀ kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná débi tí yóò jó yín. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tú irin ìkọbè kúrò, ẹ sọ apá ẹ̀yìn kalẹ̀ pátápátá kí ọ́ìlì inú sílíńdà lè padà wálé, ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ojú tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Mo ti rí ẹni tó tú gbogbo ọ́ìlì dà nù tán kó tó mọ̀ pé ìdérí òkè ti há.

Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà láàárín nísàlẹ̀ ilé gíá, ẹ tún wo abẹ́ ilé táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì. Àárín nìkan ni ọ̀pọ̀ ń tú, omi á wà ní kọ̀rọ̀ tó kù. Ilé gíá táyà iwájú dá ní ọ́ìlì tiẹ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀, àmọ́ ẹ yẹ ẹ́ wò bóyá omi dé ibẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ojú wà ní ṣíṣí mọ́jú, lábẹ́ òrùlé.

Fílítà ńkọ́? Ẹ ra tuntun. Tí ẹ bá yọ ti àtijọ́, ẹ rí i pé òrùka rọ́bà rẹ̀ bá a jáde, kó má lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa òrùka ti tuntun lára, ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i títí yóò fi le. Asẹ́ onírin kan tún wà níbi tí pọ́ọ̀ǹpù ti ń fà, ìyẹn kì í ṣe jíjù nù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa. Ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì tó ń mú èérún irin inú ọ́ìlì. Ẹrẹ̀ eérú tó kúnná bí àtíkè kò burú, gíá ló ń họra wọn. Tó bá jẹ́ èérún irin tí ọwọ́ lè ṣà lẹ bá rí, ẹ dúró, ẹ ya á wá síbí.

Ìjẹ̀ṣà ni mí o. Òṣómàáló ni mo máa fi gba ìròyìn lọ́wọ́ yín.

Aláwàdà Mọ́rọ̀
Ìyá, ẹ yára dáhùn, ó ti lóṣòó.

Ìyá Onígàrí Ifẹ̀
Ẹ̀yin ará ilé, ọjọ́ kẹsàn-án rèé, mo ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. A rí ibi tí omi ń gbà. Rọ́bà ìdí ọ̀pá gíá ti ya bí ẹnu ajá. Èyí tó dùn mí jù ni ìdérí ọ́ìlì: ó ti sọ nù, n ò sì mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń wà á fi nọ́ílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà bò ó, ó fi rọ́bà dè é. Abẹ́ igi máńgòrò ni katakata ń sùn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí ọmọ mi tú nọ́ọ̀tì àárín, omi ló kọ́kọ́ jáde, omi gidi, bíi abọ́ kan, kí tíì tó dé. Mo ti gbàgbé pé lítà 27 ni, kẹ́ẹ̀gì 25 kan ṣoṣo ni mo gbé sábẹ́. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń dán títí di àárọ̀ yìí. Asẹ́ onírin yẹn ti dí, nǹkan kan bíi ògì ló dì mọ́ ọn, bóyá ìyẹn ló ń fa igbe. Mágínẹ́ẹ̀tì ní ẹrẹ̀, kò ní èérún. Mo ra J20C, mo ra rọ́bà tuntun, wọ́n sì bá mi gbẹ́ ìdérí lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi irin ṣe nǹkan.

Igbe ti lọ. Ó ń gbé irin sókè bí ẹni gbé ewé. Ìbéèrè ló kù fún mi: ọ́ìlì tuntun náà ti ń ní kùrukùru díẹ̀ lójú gééjì. Tí mo bá pa á, irin ṣì ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kì í tètè mọ́. Kí ni kí n ṣe sí ọ́ìlì burúkú tí a tú jáde yìí? Ẹnì kan ní kí n dà á sí gọ́tà.

Ọ̀gá Sípánà, Iléṣà
Ẹ kú oríire. Kùrukùru yẹn, ìyókù tó wà nínú sítíárín àti àwọn páìpù ló jáde wá. Ẹ fi ṣiṣẹ́ bíi wákàtí 20, kí ẹ tún tú u lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú fílítà. Mo mọ̀ pé ó máa dun àpò. Pọ́ọ̀ǹpù wọ́n ju ọ́ìlì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iye wákàtí tí ìwé yín bá sọ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, nínú ọ̀pọ̀ wọn ó máa ń wà láàárín 200 sí 400.

Ti irin tó ń sọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́ìlì mọ́. Síìlì inú sílíńdà ló ti jẹ, tàbí fáàfù. Ó lè dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá wà lókè, kódà kó jẹ́ láti he sípánà.

Bàbá Kòkó, Ifẹ̀tẹ̀dó
Gọ́tà kẹ̀? Odò Ọ̀pá ni gọ́tà yẹn máa já sí, àwọn kan ń fi omi ibẹ̀ bomi rin ẹ̀fọ́. Dì í sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn tó ń ra ọ́ìlì àlòkù máa ń wá sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Káfíńtà náà á gbà lára ẹ̀, wọ́n ń fi pa igi òrùlé kí ikán má jẹ ẹ́.

Ìyá Onígàrí Ifẹ̀
Ẹ ṣé, Bàbá. Káfíńtà àdúgbò ti wá gbé kẹ́ẹ̀gì kan, ó ní òun á padà wá fún ìyókù.

Aláwàdà Mọ́rọ̀
Ọ̀gá Sípánà, mo ti ṣe ti ìgò lórí tèmi. Kí wákàtí kan tó pé ló ti mọ́. Gééjì sì gbẹ, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́ akísà kí n tó rí ọ́ìlì lára rẹ̀.

Ọ̀gá Sípánà, Iléṣà
Ìwọ ló ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì. Lọ bu ọ́ìlì sí i.