Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí mọ́tò Ìjàpá tí ọ̀rẹ́ mi fi sílẹ̀ fún mi

Ẹ̀yin àgbà mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, Iléṣà ni mo wà. Ọ̀rẹ́ mi tó ṣaláìsí ló ní kí wọ́n fún mi ní Volkswagen ìjàpá ẹ̀, ti 1974. Mọ́tò náà ti jókòó sẹ́yìnkùlé tipẹ́, ẹ́ńjìnì ò yí rárá, mo yọ plọ́ọ̀gì mo da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà, ṣé kí n ṣì máa retí kó yí ni àbí kí n kúkú sọ ẹ́ńjìnì náà kalẹ̀? Èyí tó ń dùn mí jù ni abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn níbi tí bátìrì máa ń wà, ásíìdì ti jẹ irin ẹ̀ débi pé mò ń rí ilẹ̀. Panẹbítà kan ní òun á lẹ páànù mọ́ ọn, òmíì ní ká gé gbogbo ẹ̀ dànù ká jó tuntun sí i. Èwo ló máa pẹ́ jù? Àwọn ọmọ mẹkáníìkì àdúgbò, Corolla nìkan ni wọ́n mọ̀, ọ̀kan tiẹ̀ ń bi mí pé ràdíétọ̀ dà, ẹ́ńjìnì tó jẹ́ atẹ́gùn ló ń tù ú, kì í ṣe omi o! Ta ló mọ ẹni tó ṣì ń ta pístìn àti kábúrétọ̀ ẹ̀, bóyá ní Ìbàdàn tàbí ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó? Ẹ má sọ pé kí n tà á o, mi ò tà.