Abẹ́rẹ́ eegun olóṣù mẹ́fà: kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá dá a dúró?

Nọ́ọ̀sì Ìjàpọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ọ̀rọ̀ denosumab ni, abẹ́rẹ́ fún eegun tó ti fúyẹ́ tó sì ń tètè ṣẹ́ (osteoporosis), 60 mg lábẹ́ awọ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Owó tán, tàbí ara yá, ìyá dá a dúró. Kí lẹ ti rí lẹ́yìn ìyẹn?

Apòògùn Alágbàká: Eegun ẹ̀yìn tó ń fọ́, méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, láìṣubú. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní osteoblast ló ń mọ eegun, osteoclast ló ń jẹ ẹ́. Àmọ́ osteoblast àti osteocyte, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú eegun, ló tún ń gbé purotéènì RANKL jáde, èyí tó máa lẹ̀ mọ́ RANK lára ọmọ sẹ́ẹ̀lì kó lè di osteoclast. Ara ní purotéènì mìíràn, OPG, tó ń gbá RANKL mú kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ OPG yẹn ni denosumab ń bá a ṣe. Ṣùgbọ́n kì í dúró sínú eegun. Tí agbára rẹ̀ bá lọ, osteoclast á pọ̀ lójijì, wọ́n á jẹ eegun ju bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Alendronate, oògùn eegun tí wọ́n ń gbé mì, ńkọ́? Wọ́n ń dá ìyẹn dúró, nǹkan kan kì í ṣe wọ́n.

Apòògùn Alágbàká: Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ń lẹ̀ mọ́ eegun fún ọdún púpọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi í dí àlàfo: 70 mg lọ́sẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ká má dúró dìgbà tí ẹ̀yìn bá ń dunni.

Nọ́ọ̀sì Ìjàpọ̀: Òwúrọ̀, inú òfìfo, omi lásán ife kan gidi. Kì í ṣe tíì, kì í ṣe ògì, kì í ṣe wàrà. Kí ìyá jókòó gaga tàbí kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá dùbúlẹ̀, oògùn náà lè bó ọ̀nà ọ̀fun. Kálísíọ́ọ̀mù di ìgbà mìíràn lọ́jọ́ náà.

Àǹtí Ọ̀bà-Ilé: Abẹ́rẹ́ olówó lẹ̀ ń sọ. Oògùn oríkèé tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá lọ́jà ńkọ́, tí kò ní orúkọ?

Lábù Ìdànrè: Ẹ ṣeun, Àǹtí! Tí prednisolone tàbí dexamethasone, àwọn oògùn sítẹ́rọ́ìdì, bá wà nínú rẹ̀, RANKL á lọ sókè, OPG á wálẹ̀, osteoblast á máa kú. Prednisolone 5 mg lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta ti tó láti jẹ́ kí eegun máa ṣẹ́.

Àǹtí Ọ̀bà-Ilé: Kí wọ́n sọ ọ́ nù lónìí nìyẹn.

Apòògùn Alágbàká: Rárá o! Ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Ara rẹ̀ ti dẹ́kun ṣíṣe cortisol, sítẹ́rọ́ìdì tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Kó gbé ọ̀rá náà lọ bá dókítà, wọ́n á dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Kí eegun ṣáà ki. Bó bá ṣe ń ki sí i ló ń dára sí i.

Lábù Ìdànrè: Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Eku tí kò ní RGS10, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì tó ń dín àṣẹ G protein (tó ń jẹ́ iṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì) kù, osteoclast rẹ̀ kì í dàgbà. Eegun á ki jù, kò ní sáyè fún mùdùnmúdùn. Àwọn Afrikaner kan, aláwọ̀ funfun tó ń sọ èdè Afrikaans ní South Africa, náà ń bí ọmọ tí kò ní purotéènì sclerostin. Eegun orí wọn ń nípọn títí á fi fún iṣan etí pa. Sclerostin ni osteocyte fi ń dá osteoblast dúró.

Físíò Òkè Àrò: Rírìn àti gígun òkè ń dín sclerostin kù, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ kò gbọ́dọ̀ ru igbá tàbí kó tẹ̀ balẹ̀ gbé omi.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Ó ti yé mi. Romosozumab tó ń dí sclerostin ńkọ́?

Apòògùn Alágbàká: 210 mg lóṣù, fún oṣù méjìlá péré. Ẹni tó ti ní ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ láàárín ọdún kan sẹ́yìn, kó má gbà á.

Nọ́ọ̀sì Ìjàpọ̀: Ẹ padà sí denosumab, ẹ jọ̀ọ́. Ṣáájú abẹ́rẹ́, ẹ yẹ kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, Fítámì D àti kíndìnrín wò, kí dókítà eyín sì yọ èyí tó bá yẹ kó yọ. Tó bá ń ṣe ìyá bí ẹni pé èèrà ń rìn lára ètè àti ìka lọ́sẹ̀ kìíní sí ìkejì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kálísíọ́ọ̀mù ti wálẹ̀ nìyẹn, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà.

Àǹtí Ọ̀bà-Ilé: Ẹni tó ti pé oṣù méje láìgbà á?

Apòògùn Alágbàká: Kó pe dókítà rẹ̀ lónìí, Àǹtí.