Báwo ni mo ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ èrò tó ń dá mi lẹ́bi?

Ìbéèrè (aláṣọ, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́):
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí òjò ti ba aṣọ tí mo fi owó àjọ rà jẹ́ ni ọkàn mi ti ń sọ fún mi pé n kò ní í rọ́wọ́ mú láyé. Bí mo bá ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, tí n kò tíì rí ẹni ná ọjà, èrò náà á tún dé. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó ni?

Èsì (Òkè Àró):
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Èlíjà tó pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì náà jókòó sábẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun. Oúnjẹ àti oorun ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un, kò bá a wí. Ní tèmi, mo fa ìlà sí àárín ìwé kékeré kan: mo ń kọ èrò náà sí apá òsì, mo sì ń kọ ohun tí Ọlọ́run ti ṣe fún mi sí apá ọ̀tún, nítorí ìsọdọ̀tun èrò inú tí Róòmù 12:2 ń sọ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Èsì (Ìjàpọ̀):
Bí ẹ kò bá lè sùn, tí oúnjẹ kò sì wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ rí dókítà pẹ̀lú. Oníṣègùn ni Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. N ó ra ìwé náà lónìí.