Ìyá ọmọ mi jẹ́ Berom, wọ́n ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ Plateau. Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Jos ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ará ilé wa ti ń ṣòwò níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Berom ni ìyàwó mi, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Plateau. Ọmọbìnrin wa fẹ́ gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ Plateau, ó sì nílò ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Káńsù ní kó lọ gbà á ní ìlú bàbá rẹ̀. Ta ni yóò fi ìwé Ògbómọ̀ṣọ́ gba owó Plateau?

Mo wo òfin Nàìjíríà ti 1999. Abala 318 ní ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, bá jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan, ti ibẹ̀ ni. Kò sọ pé bàbá nìkan ni.

Ṣé lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ìyá rẹ̀ lè ṣí ọ̀nà? Ṣé ẹnì kan ti gbé irú ẹjọ́ yìí lọ sọ́dọ̀ àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kí ni wọ́n ṣe sí i? Mi ò fẹ́ kóòtù báyìí, nítorí àwọn àna mi, àti pé láti ìjà 2001, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kì í pẹ́ gbiná ní Jos.

Ẹni tó bá ti rí ìwé náà gbà nípa ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo lẹ kó lọ?